Ma lo Tí Kò Lámì

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: eyín tó ń mì. Òrùlé tó ń jò sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí Ìyá Ilé, ìyàwó mi, máa ń sùn sí kó tó kú. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn – mo dìde lọ wò ó, mo ti tì í. Àti ohun tí Ẹyẹ kọ ránṣẹ́ sórí fóònù.

Ẹyẹ, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó ń ṣe fíìmù. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ̀, kò pè mí, n kò pè é. Àfi lónìí: “Baba mi, fiimu naa ti pari. Ojo kerinla la o koko fi han. Ona jin. E ma wa.”

Kò fi àmì kankan sí i. Ọ̀nà jìn, ẹ má wá? Àbí ọ̀nà jìn, síbẹ̀ ẹ máa wá? Mo kà á títí fóònù fi kú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ìwé àtijọ́ tí gbogbo wa kà nílé ìwé ló sọ di fíìmù. Ẹ̀dà tiwa ti gbó, okùn ni Ìyá Ilé fi dì í. Lójú ìwé tó kẹ́yìn, ọmọ di ẹrù rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Ma lo.” Ó parí. Àwọn tó tẹ ìwé náà kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ogójì ọdún la fi jà lé e. Ìyá Ilé ní Má lọ ni: ìyá wo ló ń lé ọmọ rẹ̀ jáde? Mo ní Máa lọ ni: ẹni tó fẹ́ràn ọmọ kì í so ó mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Á ní, “Bàbá Ẹyẹ, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sá tẹ̀lé e dé ìdíkọ̀.” Òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

N kò jẹun. N kò pè é.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Agogo wá. (Àbúrò mi obìnrin ni. Kò gbọdọ̀ mọ̀ pé orúkọ tí mo ń pè é nìyí.) Mo fi fóònù hàn án. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Ẹ má wá ló kọ. Ojú ló ń tì í. Ìyá ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, ó lọ.” Ohun tó sọ níbi ìsìnkú náà nìyẹn, lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ náà ni Ẹyẹ gbé báàgì rẹ̀.

Agogo kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Ilé ń kú lọ. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá. Wọ́n ń dúró de Ẹyẹ níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Ìyá Ilé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn ti gbẹ. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wò mí, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì inú ìwé yẹn. N kò mọ̀ bóyá ó fà á gùn, tàbí èémí ló já. Ẹyẹ gbọ́ Máa lọ. Kó tó padà dé, ìyá rẹ̀ ti lọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: bó bá jẹ́ pé ó ń kà á bó ṣe máa ń kà á – Má lọ ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo lọ bá Lẹ́ẹ̀dì, ọ̀rẹ́ mi, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tẹ̀wé. Mo bá a wí nítorí àmì. Ó ní, “Bí mo bá ń fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀, ìgbà wo ni mo fẹ́ ráyè fẹ́yàwó?” Lẹ́yìn náà: “Pè é, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.” Mo ní bó bá wá jẹ́ Ẹ má wá ńkọ́? Ó ní, “Nígbà náà, má pè é.”

Irú ọ̀rẹ́ wo nìyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Mo wà lórí àga onígbàjámọ̀, ó ti fá apá kan orí mi. Ó ní, “Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín.” Díẹ̀ nínú fíìmù náà wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan, ó so kókó gèlè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì – bí Ìyá Ilé ṣe máa ń so ó gẹ́lẹ́. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ nílẹ̀. Mo gbọ́ bí ìlẹ̀kùn ṣe ń ké. Obìnrin náà la ẹnu, ètè rẹ̀ mì. Ohùn kò jáde.

Onígbàjámọ̀ gbá fóònù létí. “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ wèrè ẹ̀.” Ó tún fi í hàn mí. Ẹsẹ̀ dún. Ìlẹ̀kùn dún. Obìnrin náà nìkan ni kò dún.

Fóònù kò bàjẹ́. Ẹyẹ kò mọ̀ ni. Bó bá dá a lójú pé Máa lọ lòun gbọ́, ì bá ti fi í sẹ́nu obìnrin yẹn. Òun náà kò sùn láti ọjọ́ yìí wá.

Mo sunkún, apá kan orí mi ṣì ní irun. Onígbàjámọ̀ ń bẹ̀ mí, ó rò pé abẹ ló gé mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ó ku méjì. Bí Ẹyẹ bá bi mí, Máa lọ ni mo gbọ́. Ìyá Ilé, bínú sí mi bó bá wù ọ́. Ìwọ lo wò mí.

Èyí tó wà lórí fóònù ńkọ́, n kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ogójì ọdún ni mo fi ka ọ̀rọ̀ yẹn sí Máa. Kò ní jẹ́ pé lórí ọmọ mi ni n óò ti yí i padà.

Agogo ní wọn kì í gbéra lọ́jọ́ Ẹtì, pé ìrìn àjò a máa tì. Mo ti di aṣọ. Mo ti yẹ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wò. Ọ̀la ni n óò gbéra: Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta. Bí yóò bá tì, kó tì mí sójú ọ̀nà ilé Ẹyẹ.