Bàtà Bàbá Rẹ Tí Mo Ní Ó Ń Ṣọ̀fọ̀

Ọmọ mi, ẹlẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá nǹkan jókòó lé kí o tó kà á. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ lójú àwọn tí yóò dán ọ wò. Ẹṣin tí o bá gùn kò ní jù ọ́ sílẹ̀, ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní hu ẹ̀gún. Àmín. Èmi náà wà, mo ń jẹun, mo ń sùn díẹ̀. Òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò. Ewúrẹ́ ti bí méjì, ọ̀kan dúdú, èkejì ṣe bí ẹni pé kò tíì pinnu àwọ̀ tí òun fẹ́.

Mo mọ̀ pé o ti ń pè mí láti ọjọ́ mẹ́jọ. Má bínú. Fóònù ló kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé àyè inú òun ti kún. Mo ní ẹni tí inú rẹ̀ bá ti kún kò yẹ kí n tún máa fún lóúnjẹ, ni mo bá yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná kó lè sinmi, kí oúnjẹ náà dà. Láti ọjọ́ náà ló ti sùn tí kò jí, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni. Bàtà aláwọ tó ga dé orúnkún, tí bàbá rẹ fi tọ́jú ẹṣin fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí o ní òun náà ni wàá wọ̀ lọ gun ẹṣin níwájú àwọn olùdánwò, torí pé kò sí bàtà ọjà tó gba ẹsẹ̀ fífẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì. Kí fóònù tó sùn, mo rí ohun tí o kọ, mo sì dà á kọ sínú ìwé: "Mama, e ma je ki bata Baba sofo ki n to de." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má jẹ́ kí bàtà Bàbá ṣọ̀fọ̀ kí n tó dé. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ta ló sọ fún ọmọ yìí? Torí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, oṣù mẹ́rin nìyí, ni mo ti rí i pé ọrùn bàtà méjèèjì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó fi àgbọ̀n lé àyà.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo gbé e jáde nínú yàrá tó ṣókùnkùn, mo gbé e sórí àga bàbá rẹ lójú fèrèsé, kí oòrùn lè mú ara rẹ̀ yá. Láràárọ̀ ni mò ń kí i, tí mò ń ròyìn ilé fún un. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin wọlé bá mi níbi tí mo ti ń sọ ti ewúrẹ́. Wọ́n ní, Ìyàwó, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Mo ní bàtà ni, ọmọ ló ní kí n má jẹ́ kó ṣọ̀fọ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n wo bàtà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún fi í sójú. Wọ́n ní àbúrò àwọn ti kú, orí ìyàwó rẹ̀ kò tún ní dàrú lójú àwọn. Ní Ọjọ́bọ̀ àwọn ń bọ̀ wá gbé bàtà náà fún ọkùnrin tó gba iṣẹ́ rẹ̀, kí ojú mi lè kúrò níbẹ̀. O mọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ti nu awò ojú, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní Ọjọ́ Ajé, bí mo ṣe gbé e láti nù ún, mo rí ìlà kan níbi tó ti ká, tín-ín-rín bí irun. Oòrùn ti gbẹ awọ náà. Mo kó bàtà sínú agbọ̀n ìfọṣọ, mo faṣọ bò ó kí ẹ̀gbọ́n má baà rí mi lọ́nà, ó di ọ̀dọ̀ aránbàtà. Ó fi àtàńpàkò tẹ ìlà náà, ó gbé bàtà súnmọ́ ojú. Ó ní, Màmá, bí ìlà yìí bá là, kò sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa sá bàtà bí aṣọ? Mo fi ìwé tí mo da ọ̀rọ̀ rẹ kọ sí hàn án. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí ìṣó fi jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, Màmá, ṣófo lọmọ yín wí! Bàtà kì í ṣọ̀fọ̀, inú rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ṣófo. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ìṣó rẹ̀ nílẹ̀.

Ó fi òróró pa ìlà náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní kí n wá ohun tó rọ̀, kí n ká a kó le, kí n kì í sínú rẹ̀ láti ibi ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún, kó kún ṣùgbọ́n kó má yọ ikùn. Kí n gbé e dúró síbi tó tutù, kí n má fọwọ́ kàn án títí di Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá là lọ́jọ́ náà, kí n gbà pé ó ti lọ. Ọjọ́bọ̀ kan náà!

Mo wá ohun tó rọ̀ káàkiri ilé. Ìwé ìròyìn kò sí, ìrọ̀rí tóbi jù. Ó ku àpótí bàbá rẹ, tí n kò tíì ṣí láti oṣù mẹ́rin. Mo dúró níwájú rẹ̀ bí àlejò tó ń retí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún òun. Mo ṣí i. Òórùn rẹ̀ jáde, ti ẹṣin àti ti ọṣẹ. Mo ká ẹ̀wù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ilé níbi ìka ẹsẹ̀, ti iṣẹ́ láàárín, ti òde lókè. Mẹ́rin-mẹ́rin ni bàtà kọ̀ọ̀kan gbà. Kọ́là funfun kan yọ jáde lẹ́nu ti ọ̀tún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀gbọ́n dé pẹ̀lú àpò. Wọn kò jókòó. Mo mú wọn lọ sídìí ògiri tó tutù, níbi tí mo gbé bàtà dúró sí, mo ní, kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ bá mi wo ìlà kan lára rẹ̀, ojú mi kò gbà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí kọ́là ẹ̀wù àbúrò wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú, mo ní ó ti parí, àmọ́ wọn kò nù ún. Ojú wọn ni wọ́n nù. Wọ́n wá fi àtàńpàkò tẹ ìlà náà. Mo di ojú, mò ń tẹ́tí bóyá màá gbọ́ kí awọ ké. N kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní, Ìyàwó, kò là. Wọ́n ní, ó mà dúró bí ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ká àpò tí wọ́n mú wá, wọ́n kì í bọ ẹnu bàtà òsì, níbi tó kù díẹ̀ kó kún.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí owó bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òróró awọ. Aránbàtà kò gba nǹkan lọ́wọ́ mi, n kò sì fẹ́ kó di àṣà. Kí o sì ra àmì abẹ́ lẹ́tà sínú fóònù rẹ. Bí ó bá wọ́n, ra ti abẹ́ s àti ti abẹ́ o nìkan. Mú àpò dání nígbà tí o bá ń bọ̀, torí bí o bá yọ ẹ̀wù wọ̀nyẹn kúrò nínú bàtà, n kò ní lè dá wọn padà sínú àpótí. Ọlọ́run tó mú bàtà dúró yóò mú ọ dúró lórí ẹṣin. Ẹsẹ̀ tí yóò wọ̀ ọ́ kò ní rìn sí ibi.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kọ láìfi àmì sí i. Mo mọ ibi tí àmì yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà yòówù tí o bá gbà kà á, òun náà ni mo ní lọ́kàn: Ma je ki ile sofo.

Èmi ni, ìyá rẹ.