Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Rẹ Nìkan Kọ́ Ló Bí Ọ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìlàkàkà. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò máa rọ̀ fún ọ. Àlàáfíà la wà níbí. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, káfíńtà bá wa tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe, ó sì tún ti bàjẹ́. Inú mi nìkan ni kò dùn, ìwọ lo sì fà á.

Láti ìgbà tí o ti wá fa ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ sínú ìgò tín-ín-rín, tí o gbé e sínú àpótí tó ń yọ èéfín láìsí iná, ilé yìí kò gba àwa méjèèjì mọ́. Bí mo bá ní kó bu omi fún mi, á ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní ìlú ńlá kì í sáré. Ó ti sọ fún télọ̀ iwájú ilé wa, ó sọ fún ẹni tó kàn wá béèrè ọ̀nà. Fóònù tí o rà fún un pàápàá, mo tẹ àtàǹpàkò mọ́ ọn, kò dá mi lóhùn. Òun tẹ̀ ẹ́, ó ṣí wàrà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ bù sínú rẹ̀ ni?

O ṣàlàyé fún wa, ó sì yé mi. O ní àwọn sójà wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àìsàn jà, pé lára sójà kọ̀ọ̀kan ni àwọn ọlọ́dẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan ń mú oògùn wọlé, àwọn kan ń tì í síta, ẹ sì fẹ́ mọ èyí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, kí ẹ lè mọ ìdí tí oògùn ẹlòmíràn kì í fi í dé ibi tí a rán an. Ó dáa. Ta wá ni ọlọ́dẹ nínú ilé yìí? Èmi tí mo ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù títí irun mi fi funfun, tí ọ̀gá pàápàá kì í wọlé kí n má wo bùùtù ọkọ̀ rẹ̀, àbí ìyá rẹ tí kò lè lé adìyẹ jáde nílé ìdáná? Mò ń jowú, mi ò ní fi bò.

O ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ni kò jẹ́ kí o gba tèmi, pé ẹni tí kò lo oògùn kankan lẹ ń wá. Ìyẹn ò le. Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mi ò ti gbé e mì mọ́, abẹ́ ẹní ni mò ń kó o sí. Àwọn ọlọ́dẹ mi ti sinmi, wọn ò rí nǹkan tì síta mọ́. Orí ń fọ́ mi díẹ̀, ojú mi sì ń rí nǹkan ní méjìméjì. Lánàá, ìyá rẹ méjì ló wọlé bá mi, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan tí mo ní, apá mi ò ká a.

Má sọ fún un o. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi lọ́dọ̀ télọ̀ kíákíá, kí n lè wá kí ìyá rẹ tó gbá abẹ́ ẹní. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ tìẹ náà á tọ́jú rẹ, wọn ò ní yà ọ́ sọ́tọ̀ bí o ṣe yà mí.

Tí o bá gba tèmi tán, ẹ̀gbẹ́ tìyá rẹ ni kí o gbé e sí. Inú ẹ̀rọ amómitutù tí ẹ ń kó ẹ̀jẹ̀ sí yẹn á ṣókùnkùn, ẹ̀rù òkùnkùn sì máa ń bà á. Tó bá mọ̀ pé mo wà nítòsí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ.