Ọfà Tó Ń Rìn Lójú Kọ̀ǹpútà Ìbíwùnmí

Ilé Ìgbẹ̀bí Ìtùnú,
Ìbógùn.

Fisáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun, ṣé Ìkẹjà kò mú ọ rù jù? Ọlọ́run tó bá mi sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀ lọ́jọ́ tí mo bí ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó. Àlàáfíà la wà níbí. Nọ́ọ̀sì Rosemary ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì, akọ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, Fisáyọ̀, ìwọ lo sì bà á jẹ́. Fara balẹ̀ kà á dópin.

O mọ Adépọ̀jù onírùngbọ̀n tó máa ń ti Mowe wá tún kọ̀ǹpútà wa ṣe. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Rosemary ti ń sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀, kí n wá ẹlòmíràn. Ó ní bí a bá pè é lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló ń dé, bó bá sì tún un ṣe lónìí, á tún kú lọ́la, àti pé ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí fáìlì àwọn aboyún, orí rẹ̀ nìkan ló wà. Mo ní ìyẹn kò burú, ta ló ń bi èèyàn léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀? Ohun tí èmi ń wò ni pé gbogbo ìgbà tí Adépọ̀jù bá dé, ó ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja ni, àyà rẹ̀ á kan sìmẹ́ńtì, àní lọ́jọ́ tó wọ aṣọ funfun pàápàá. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ó bá wa to àga. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo ojú rẹ̀ kí n ní kó má wá mọ́? Mo sọ fún Rosemary pé ọjọ́ tí kò bá dọ̀bálẹ̀ mọ́ ni màá fi í sílẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú tó kọjá, Ummulkhair tó ń ránṣọ lẹ́bàá yunifásítì wá rọbí. Ìkejì tí yóò bí lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Mo rántí pé abẹ́rẹ́ kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, òun náà sì ní ohun tí òun mọ̀ ni pé inú ìgò kékeré ló wà, bẹ́ẹ̀ inú ìgò kékeré ni gbogbo wọn wà. Inú kọ̀ǹpútà la kọ ọ́ sí, kọ̀ǹpútà sì ní kí a mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá. Rosemary pe Adépọ̀jù lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò gbé e. Mo bẹ kọ̀ǹpútà yẹn, mo ní jọ̀ọ́, èmi ni mo rà ọ́, wo obìnrin tó dùbúlẹ̀ yìí, kò dá mi lóhùn. Àfi bí mo ṣe rántí àwọn káàdì aboyún àtijọ́ tí Adépọ̀jù ní kí n sun, tí mo kó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn mi nítorí mi ò lè dáná sun orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ibẹ̀ la ti rí i. Ummulkhair bí obìnrin, tìyá tọmọ wà láàyè. Ó tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà kí Adépọ̀jù tó pè, ó ní òde ìṣílé ni òun wà ní Ìbàfò, ó ní òun dọ̀bálẹ̀ lórí fóònù. Mo ní kó dìde.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ta la ó mú? Rosemary ní iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà Ìbíwùnmí ní Ìfọ́ dára, pé kíá ni wọ́n ń dáhùn. O kúkú mọ Ìbíwùnmí. A jọ ṣe ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni, èmi ni mo gba ipò kìíní nínú ìgbẹ̀bí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lónìí ó ti fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tirẹ̀, ó gbé pátákó oníná síta, àwọn aboyún Ìbógùn ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lórí ọ̀kadà lọ bá a. Mò ń jowú rẹ̀, mi ò fi pamọ́ fún Ọlọ́run, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ. Síbẹ̀ mo wo ojú ọmọ Ummulkhair, mo wọṣọ, mo lọ sí Ìfọ́, mo ní mo wá kí i kú ìrora orúnkún tó ń dùn ún.

Fisáyọ̀, kọ̀ǹpútà Ìbíwùnmí ń da léèsì bora! Ó ní nǹkan kan há nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun sì ti pe àwọn èèyàn òun, kí n jókòó kí n wòran. Kò pẹ́ ni ọfà funfun kékeré kan bá dìde fúnra rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, ó ń ṣí èyí, ó ń pa tọ̀hún dé. Mo wo abẹ́ tábìlì, kò sí èèyàn. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́, mo sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìró mú. Ó ní Ìkẹjà ni ẹni tó ń ṣe é wà, pé ọmọ dáadáa ni, tó ń pe òun ní Mọ́mì, tí kì í ṣíṣẹ́ tán kó má béèrè orúnkún òun. Ó wá nawọ́ sí orúkọ tó wà ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Mo wọ awò mi. Orúkọ rẹ ni, orúkọ bàbá rẹ sì tẹ̀ lé e.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo gbé míníràlì tó fún mi kalẹ̀, mo ní mò ń lọ sílé. Òótọ́ ni pé o bẹ̀ mí lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kí n jẹ́ kí o máa tọ́jú kọ̀ǹpútà mi, tí mo ní Adépọ̀jù ń dọ̀bálẹ̀, pé ìwọ kò lè kúnlẹ̀ láti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá bẹ ìyá lẹ́ẹ̀kan, tí ìyá kọ̀, ṣé kò yẹ kó tún bẹ̀ ẹ́ ni? Adépọ̀jù tí kì í ṣe ọmọ mi bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó gbà á. O sọ fún mi pé àwọn èèyàn ọ̀nà jíjìn lò ń ràn lọ́wọ́, o kò sọ pé Ìbíwùnmí wà nínú wọn. Láti ìgbà ọyẹ́ ni ìbàdí ti ń dun èmi, ọfà kankan kò bi mí.

Mo pe Adépọ̀jù ní Sátidé. Mo jẹ́ kó jẹun yó kí n tó sọ ọ́, ojú Rosemary ló sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ àṣírí náà sórí ìwé fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀, mo sunkún díẹ̀. Àyè ti ṣófo báyìí, ìwọ ni mo fi í dè. Ọ̀dọ̀ mi ni kí o kọ́kọ́ máa yà láràárọ̀ kí o tó lọ sí Ìfọ́. Bí o bá wọlé, kí ọfà náà kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé o kúnlẹ̀. Mo ti gbé àga mi síwájú rẹ̀, màá dá ọ lóhùn.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀, kí iná má baà lọ nígbà tí o bá dé, kí n sì fi ra léèsì tó ju ti Ìbíwùnmí lọ. Ọwọ́ rẹ tó ń tún nǹkan ṣe fún ọmọ aráyé, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó rọ. Ìwọ náà á bí ọmọ tí yóò béèrè ìbàdí rẹ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ Ìbíwùnmí, ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, àwọn aboyún ibẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n má kúnlẹ̀.