Orville, Gbogbo Wa La Pàdé ní Brackett

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Orville, ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. A sunkún rẹ títí, ṣùgbọ́n ojú wa kò fọ́. Ohun tí ojú náà rí lẹ́yìn rẹ la kó wá síbi òkúta ibojì rẹ lónìí, nítorí a mọ̀ pé o fẹ́ràn ìròyìn.

Orville ọmọ Stubbs! Ọkọ Nadine, bàbá Curtis. Ọkùnrin tí í sọ ògbólógbòó ọkọ̀ di ọ̀dọ́. Ọkùnrin tí kì í ju ìṣó tó dípẹtà nù, tó ní yóò wúlò lọ́jọ́ kan. Ẹ̀ṣọ́ tí í ṣọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná bí ẹni ń ṣọ́ ẹnubodè, kí owó iná má bàa ga!

Ọdún mẹ́rin! Ilé-iṣẹ́ fìríìjì tí o ti ṣiṣẹ́ títí o fi fẹ̀yìn tì ti kógbá sílé. Wọ́n ní ọjà kò tà mọ́. Curtis tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti kó padà sílé rẹ, òun àti Darla ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ó ń bá ẹni tó bá pè é tún òrùlé ṣe. Darla ń gbé oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ nílé oúnjẹ ẹ̀bá títì. Yàrá tí o ń kó ohun ìpẹja rẹ sí, ọmọbìnrin wọn ló ń sùn níbẹ̀ báyìí. Ó ní yàrá náà ń rùn. A ní kó má bínú, òórùn bàbá rẹ̀ àgbà ni.

Ṣé o rò pé bí o ṣe lọ báyẹn, a ó máa mú ilé gbóná bó ṣe wù wá? Irọ́ ńlá! Nadine ti gorí ìtẹ́ rẹ. Bí ọmọ kan bá nawọ́ sí ẹ̀rọ amúlégbóná, yóò ké láti ilé ìdáná:

"Ta nìyẹn? Ṣé súwẹ́tà ti tán nílé yìí ni?"

"Màmá àgbà, ọwọ́ mi ti dì!"

"Wá fi fọ abọ́. Omi gbígbóná wà níbí."

Orville, ọ̀rọ̀ rẹ gan-an ló jáde lẹ́nu rẹ̀! Òun náà gbọ́ ọ. Ó wọ yàrá lọ, ó sunkún díẹ̀, ó wọ súwẹ́tà kejì, ó sì jáde.

Àgbọ̀nrín tí Curtis yìnbọn pa, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú mákarónì, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọpẹ́. Nígbà tó yá, a ń jẹ ẹ́ láìsí ọpẹ́ mọ́. Ìgbà tó wá tán la tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ wa ni.

Oúnjẹ tán nílé, ibẹ̀ ni ìdààmú Nadine ti bẹ̀rẹ̀. O máa ń sọ ọ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún ọ: "Ará ilé Stubbs kì í tọrọ." Àkàbà Verna Pickett, aládùúgbò wa, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà níbẹ̀, o kọ̀ láti yá a, o gorí àgbá, o sì já lulẹ̀ sáàárín òdòdó Verna. Wọ́n ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Sátidé, ṣùgbọ́n Nadine fúnra rẹ̀ ló ti ń to agolo síbẹ̀ láti ìgbà tí Curtis wà lọ́mọdé. Báwo ni yóò ṣe wá dúró ní òdìkejì tábìlì? Bó bá lọ, ó dà ọ́. Bí kò bá lọ, ọmọ-ọmọ rẹ á sùn nínú ebi. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ó gbàdúrà. Ó ní Ọlọ́run tó fi ẹyẹ ìwò bọ́ Èlíjà kò ní fi òun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dá ọgbọ́n kan: wọ́n ń pín oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Brackett náà, ìlú tó wà nítòsí tiwa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n. Ó wọ kóòtù ìdọdẹ rẹ tó balẹ̀ dé orúnkún, ó dé fìlà rẹ, ó fi jígí dúdú bojú nínú yìnyín. Orville, olè pọ́ńbélé ló jọ! Ó tò sẹ́yìn obìnrin kan tó fi ìborùn bo orí dé imú. Obìnrin náà sín. Ta ni kò mọ bí Verna Pickett ṣe ń sín?

"Verna?"

"Kì í ṣe èmi."

"Verna, kí lo wá ṣe ní Brackett?"

"Mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú. Mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀."

"Ìwọ tí o gbé kóòtù Orville wọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹran lo wá dẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

Ọkùnrin tó wà níwájú wọn kò yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ẹ ó tú àṣírí gbogbo wa." Hollis ni, Hollis tó ń gbé àwo ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa! Níwájú rẹ̀, ìyàwó pásítọ̀ wa. Níwájú ìyẹn, ìdajì ẹgbẹ́ akọrin!

Bàbá arúgbó tó ń pín agolo wò wọ́n títí. "Ṣé ará Brackett ni gbogbo yín?"

Kálukú tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má fòyà. Ìyàwó tèmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tiyín báyìí. Ó ní ojú á ti òun láti gba ẹ̀wà níbí."

Ìgbà yẹn ni Nadine rántí gbogbo àwọn àjèjì onífìlà tí kì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń fún wọn ní agolo. Ìlú méjì ń fi epo ọkọ̀ tí wọn kò ní sá fún ara wọn! Ó rẹ́rìn-ín títí jígí fi bọ́ lójú rẹ̀. Orville, kò tíì rẹ́rìn-ín báyẹn láti ọjọ́ tí o ti lọ.

Wọ́n fẹnu kò kí wọ́n tó tú ká pé ní Sátidé tó ń bọ̀, kálukú á gba tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Sátidé ọ̀hún lòní, ọjọ́ ìrántí rẹ gan-an.

Má bínú sí Nadine, Orville. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbà kò wọ kèrègbè. Gbogbo opó ìlú yìí lo bá tún ọkọ̀ ṣe tí o kò gba nǹkan kan. Ṣé alágbe lo fi wọ́n pè? Ó dá wa lójú pé o kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́rin! Àga rẹ ṣì wà níwájú tẹlifíṣọ̀n; ajá nìkan ló láyà láti jókòó lé e. Àárò rẹ ń sọ wá lórí tábìlì, ó ń sọ wá ní gáréèjì, ó ń sọ wá nígbà tí òtútù bá mú. A fẹ́ràn rẹ lánàá, a fẹ́ràn rẹ lónìí, a ó fẹ́ràn rẹ títí a ó fi tún pàdé lẹ́sẹ̀ Olúwa. Àmín.

Láti ibi òkúta rẹ, a ń wo àtẹ̀gùn tó sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀kùn ti ṣí. Ìlà ti gùn, kò sì sí ẹni tó fi jígí dúdú bojú. Nadine gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì kọ̀. Ó yíjú sí aládùúgbò wa.

"Verna, di ọwọ́ mi mú, ká jọ sọ̀kalẹ̀."