Sípíkà tí Délé Yàn fún Ẹgbẹ́

Sátidé, oṣù Kẹsàn-án, 1982

Èmi àti Délé akọ̀wé wa lọ sí Iyaro lónìí, láti yan sípíkà tí apá ẹgbẹ́ wa ká fún yàrá ìpàdé wa ní Ogida.

Délé ò tilẹ̀ wo àwọn tó kù. Ìdí àlòkù kan báyìí ló lọ dúró sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, èyí dáa."

Báwo ló ṣe mọ̀? Ọlọ́jà ò tíì tan án!

Mo ní kí wọ́n ká aṣọ orí ẹ̀ kúrò. Délé ní eruku á ba aṣọ wa jẹ́. Mo bá ká a fúnra mi. Ojú iná róbótó kan wà lórí igi ẹ̀.

Mo mọ ojú iná yẹn. Nígbà tí iná lọ níbi ọjọ́ ìbí ọmọ Délé, nínú pálọ̀ ẹ̀, èmi ni mo gbé àbẹ́là lé e lórí.