Ìwàásù Tí Bírò Pupa Pa Rẹ́

Ọmọkùnrin mi, òjíṣẹ́ Ọlọ́run,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti oyún inú rẹ̀. Ṣé ara le? Tèmi le díẹ̀. Orúnkún ló ń dá mi lóró, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú bó ṣe máa ń mú.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o wàásù pé ọkùnrin tó bá ń lu ìyàwó rẹ̀ nílé, kó má wá kọrin níwájú Ọlọ́run. O ní ìdílé méjìlá ti bínú kúrò, pé àwọn alàgbà fẹ́ kí o tọrọ àforíjì lórí àga ìwàásù lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ kó jáde nílé ìjọ. O wá ní kí n sọ fún ọ pé kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí! O rò pé bàbá arúgbó á ṣàánú rẹ, àbí? O ṣì mí mọ̀.

Ṣé o rántí ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin? Nígbà tí o wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù, a sọ fún ọ pé ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ló lù ú pa. Ìyá rẹ tó wẹ òkú rẹ̀ rí gbogbo ara rẹ̀, ó sì gbé ohun tó rí lọ sí sàréè.

O mọ bí a ṣe ń ṣe níjọ wa. Gbogbo ọ̀sán Sátidé, màá gbé ìwàásù ọjọ́ kejì lọ fún olórí àwọn alàgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀yin ọmọdé ń pè ní Bàbá Bírò. Á wọ awò ojú, á máa fi bírò pupa fa ìlà sí ohun tí ìjọ ò ní fẹ́ gbọ́. Ogún ọdún ni mo fi gbà bẹ́ẹ̀. Mò ń pè é ní ìrẹ̀lẹ̀. Ojo lásán ni mí.

Àna wa náà ni, ṣó o rí i. Ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ dùùrù ló fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ́jọ́ tí mo rí ojú ọmọ mi tó wú, inú bí mi, mo kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí ọkùnrin tó ń lu aya. Bàbá Bírò kà á tán, kò tilẹ̀ bínú. Ó fa ìlà pupa la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sókè: "Sùúrù." Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ wàásù èyí, kílé má bàa dàrú."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n rẹ gbé àpò aṣọ wọ yàrá tí mo ti ń wọ ẹ̀wù. Ó ní, "Bàbá, mi ò fẹ́ padà sílé yẹn mọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí Ọlọ́run máa sọ lẹ́nu yín." Mo wàásù sùúrù fún wákàtí kan gbáko. Ìjọ ń ṣe àmín lọ ràì, ó sì dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Nígbà tí a jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti gbọ́." Ó gbé àpò rẹ̀. Mi ò pè é padà, torí Bàbá Bírò ń bọ̀ mí lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn ìwàásù yẹn, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, mo ní Ọlọ́run ló pè é. Ọkọ rẹ̀ ló tẹ dùùrù, kò sì ṣi ọwọ́ kankan. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ọmọ mi. Èmi gan-an ni mo wọ́ orí náà.

Nítorí náà, gbọ́ mi. Obìnrin kan wà níjọ rẹ tó ti di ẹrù rẹ̀, tó ń wo ẹnu rẹ. Bí o bá tọrọ àforíjì, má wá sí ìsìnkú mi, má sì gbé ọmọ tí ẹ ń retí yẹn wá kí n rí i. Bí wọ́n bá lé yín jáde, ẹ máa bọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ ṣófo.

Kí Ọlọ́run tí mo já kulẹ̀ má jẹ́ kí ìwọ náà já A kulẹ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tó jẹ́ bàbá òun náà.

Mo gbàgbé: wọ́n dá àpò rẹ̀ padà fún wa lẹ́yìn ìsìnkú. Gbogbo aṣọ inú rẹ̀ ṣì wà ní kíká, kò tú ẹrù náà rárá. Kó tó kú, ó tún wá jókòó lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, níwájú pátápátá, ó ń wò mí. Apá kejì sùúrù ni mo wàásù.