Pásípọ́ọ̀tù Tí Ìyá Mi Fi Òróró Yàn

Ilé Kẹsàn-án, G Close,
23 Road, Festac Town,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025.

Ṣínà, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Àgbádárìgì? Gbémi ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ọmọ yín ti ń rìn àbí ó ṣì ń rákòrò? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí a ti jọ ń sùn lórí àga ní pólì, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi le. Àyà mi nìkan ni kò le.

O mọ̀ pé pálọ̀ ìyá mi ni ọ́fíìsì mi, níbi tí mo ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan. Lóṣù tó kọjá, iná lọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpàdé kan ṣoṣo. Ọ̀gá mi kọ̀wé jẹ́jẹ́ sí mi, irú jẹ́jẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi ń sọ pé abẹ́rẹ́ kò ní dùn ọ́. Ó ní kí oṣù Kìíní tó wọlé, kí n ti máa gbé ní ìlú tí iná kì í lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iṣẹ́ ti bọ́. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó ń fún irú wa ní físà, kí á máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, kí á máa ṣiṣẹ́ ibòmíì lórí ẹ̀rọ.

Mo bá fa ìlà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ wa, Pọtogí lápá kan, Nàmíbíà lápá kejì. Pọtogí fẹ́ kí owó oṣù mi tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ wọn. Tèmi tó o, agbára káká ni. Wọ́n á jẹ́ kí èèyàn pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gbé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ fi lé wọn lọ́wọ́. Ti Nàmíbíà, oṣù mẹ́fà péré ni, orí ẹ̀rọ ni wọ́n sì ti ń gba ìwé. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ti tó. Mo mú Pọtogí. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún ìyá mi.

O mọ ìjọ wa ní Amúwo. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò a gbé pásípọ́ọ̀tù wá síwájú pẹpẹ, pásítọ̀ a fi òróró ẹ̀kán kan kàn án lẹ́yìn, ó parí. Pásítọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá mi délé, ó wo máàpù lórí fóònù Dorothy àbúrò mi, ó rí bí òkun ṣe fẹ̀ tó. Ó ní ẹ̀kán kan kò lè la gbogbo omi yẹn já. Ó bá ṣí ìwé náà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó da òróró ólífì sí i, ó sì tì í sábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Mo rì í sínú gààrí fún ọjọ́ méjì kí gààrí lè fa òróró náà. Dorothy ti mu gààrí ọ̀hún. Ó ní ó dùn. Mo wá gbé e lọ bá Bọ̀dá Sùlàímọ́nù, tó ń bá èèyàn ṣètò ìwé ìrìnnà ní Mazamaza. Ó fi ìka méjì gbé e sókè.

"Ezra, pásípọ́ọ̀tù lo mú wá àbí àkàrà?"

"Bọ̀dá mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó yẹ kó bà ọ́. Àwọn Pọtogí á ní ó ti bàjẹ́. Lọ gba tuntun, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé ó máa jáde kí ọdún tó parí."

Ó wá ku Nàmíbíà. Ojú ewé tí àwòrán mi wà ṣì mọ́, nítorí ike ni. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ lánàá, láti àná ni mi ò sì ti lè jẹun. Bí wọ́n bá gbà á, ẹnì kan ṣì máa fọwọ́ ṣí ìwé yẹn ní pápákọ̀ òfurufú. Bó bá bi mí pé kí ló ṣe é, ṣé kí n ní ìyá mi ni? Bí wọn kò bá sì gbà á, iṣẹ́ lọ nìyẹn. Inú iṣẹ́ yìí ni owó ilé ti ń jáde, òun ni a fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá mi.

Mo fẹ́ bá ìyá mi jà. Mo ṣí ojú ewé ìkẹyìn hàn án, níbi tí mo fi bírò kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí, pé òun ni kí wọ́n pè bí nǹkan bá ṣe mí. Òróró ti pa á rẹ́. Ó wò ó títí.

"Ezra, ta ni wọ́n máa wá pè báyìí?"

Ìbínú mi tán. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi pé òun á tún un kọ. Bírò ń yọ̀ lórí òróró, kò kọ.

Bí a bá ń sunkún, a ṣì ń ríran. Mo ti rí i pé ìyá mi kò tíì ṣe tán. Ó ní ti Pọtogí ni àdúrà àkọ́kọ́, kò lè ṣiṣẹ́ ní Nàmíbíà. Dorothy, tí kò mọ ìgbà tí èèyàn ń panu mọ́, fi àwòrán aṣálẹ̀ ibẹ̀ hàn án.

"Háà! Ilẹ̀ tó gbẹ tó báyìí? Òróró ìjọ́sí yẹn ò lè tó o."

Ó ti ra ìgò tuntun fún ọjọ́ Àìkú. Èyí tó tóbi.

Ìdí nìyí tí àpòòwé yìí fi wúwo. Azeezat aládùúgbò wa, tó ń kọ́ni lọ́dọ̀ yín, ni mo fi rán. Àbàwọ́n ara àpòòwé náà kì í ṣe omijé. Pásípọ́ọ̀tù ló wà nínú ọ̀rá tí mo fi sínú rẹ̀. Jọ̀wọ́, bá mi tọ́jú rẹ̀ títí Nàmíbíà yóò fi dáhùn. Má gbé e sítòsí ààrò. Má sì jẹ́ kí Gbémi rí i. Mo rántí bó ṣe da òróró àdúrà sí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ.

Bá mi gbé ọmọ jó. Ìyá mi ní kí n kí yín. Kò mọ ohun tí mo fi ránṣẹ́. Bébà kékeré kan wà láàrin pásípọ́ọ̀tù náà, nọ́ńbà ìyá mi ni mo kọ sí i. Má jẹ́ kó sọnù.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì jẹun,
Ezra Ládélé.